Ọjọ́ Tí Arúgbó Gbé Mísítà Dèyí Mì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ṣàngó Ọ̀tà kọjá lónìí, tí èéfín ilé iṣẹ́ ń ta yín nímú, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí mò ń wí yìí, oko obì ni gbogbo ibẹ̀, ọ̀bọ sì pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Òyìnbó ló ń ṣèjọba, àwọn tiwa kan sì ń bá a ṣe é, àwọn tiwa yẹn gan-an ló wá le ju òyìnbó lọ. Ẹni tí òyìnbó bá fún ní fìlà lásán, kó tó gbé e délé, fìlà ti di adé lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá ní ẹbí tó wà nípò, ẹ má bínú sí mi, n ò dárúkọ rẹ̀.

Ní ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀tà lọ sí Ìjù, lábẹ́ igi obì ńlá kan, àgọ́ kan wà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ atọ́nàṣe ń kó irinṣẹ́ wọn sí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó fún wọn. Wọ́n kàn rí i pé bí àwọn ò bá tún un ṣe, koríko ni yóò máa gba ibẹ̀ lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ tí wọn kò bá sí lójú ọ̀nà, inú àgọ́ ni wọ́n ń wà. Ẹni kan ń pọ́n àdá, ẹni kan ń fi àdí pa ojú irin kó má baà dípẹtà, Láwàlì agbẹ́gilére sì ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tuntun dípò èyí tó bá kán.

Àmọ́ ohun tó ṣe kókó jù nínú àgọ́ náà ni ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan tí apẹja kan fi ta wọ́n lọ́rẹ. Arúgbó ni wọ́n sọ ọ́. Omi àti ẹrọ̀fọ̀ ló máa ń wà nínú Arúgbó, tó bá sì ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ kù ọ̀la, gbogbo ọkọ́, àáké àti díígà ni wọ́n ń rì síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Kì í ṣe awo, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé ìwé. Gbogbo ọmọ àgbẹ̀ ló mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, á súnkì, irin ọkọ́ á wá máa mì lẹ́nu ẹ̀rúkọ́ bí eyín àgbàlagbà. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ mọ́jú, igi á wú, á di irin mú, kò sì ní yẹ̀.

Àdìzát, tó ń ṣe àdí tà, ni olórí wọn. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Mùíbátù, Ìjù ló fẹ́ ọkọ sí. Lákòókò òjò èṣí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà létí odò ya, Mùíbátù ń bọ̀ wá sí Ọ̀tà pẹ̀lú oyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, oyún náà sì bàjẹ́. Ní báyìí ó tún ti lóyún. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bẹ̀rẹ̀ ni yóò bí, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí tó wà ní Ọ̀tà ni yóò sì ti bí i. Àdìzát ti sọ ọ́ pé òjò kò gbọdọ̀ dé bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn bó ṣe wà. Ohun tó wà ńlẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí Mísítà Dèyí kò fi í sọ́kàn.

Ta ni ń jẹ́ Mísítà Dèyí? Sírájúdéènì Àlàní ni, ọmọ Ògúndèyí àgbẹ̀, ará Ìjù. Ó lọ sí Èkó, ó bá akọ̀wé kan gbé, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó sì padà wálé pẹ̀lú bàtà tó ń ké kó-kó-kó kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó yọjú. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó fi í ṣe Sìpẹ́tọ̀ Ọ̀nà Ẹsẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ju kó máa wo ọ̀nà kó sì máa sọ ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi í ṣe. Ó kọ́kọ́ gé Ògún kúrò lára orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ó ń wúwo lẹ́nu òyìnbó. Lẹ́yìn náà ló kéde pé òun kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí láyé òun. Àwọn ará Ìjù tó ti bá a roko rí wo ara wọn lójú.

Ó ní mẹ́sẹ́ńjà kan tí ń jẹ́ Bàdírù. Bàdírù ló ń gbé agboòrùn lé e lórí, òun ló ń ru àga rẹ̀, òun ló sì ń yìn ín. Bí Mísítà Dèyí bá sín, Bàdírù á ní, "Ìlú ti gbọ́, sà." Bó bá yán, Bàdírù á ní ìrònú ńlá ló ń jáde. Nígbà kan ó kọsẹ̀ ní gbangba, Bàdírù bá kọjú sí èrò, ó ní Sìpẹ́tọ̀ ń dán ilẹ̀ wò ni. Ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù kí n tó máa bá ẹ̀rín lọ. Morónfólú, ìyá Mísítà Dèyí, opó ni, Ìjù ló ṣì ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí òjò èṣí tó dá, ó ru èlùbọ́ wá kí ọmọ rẹ̀, ẹrẹ̀ etí odò sì bò ó dé orúnkún. Ó bá ọmọ náà lójúde pẹ̀lú àwọn àlejò kan láti Èkó, wọ́n ń mu tíì. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ta ni màmá yìí. Mísítà Dèyí wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó wo bàtà àwọn àlejò rẹ̀.

"Ìyá kan láti oko wa ni," ló wí.

Morónfólú gbọ́ ọ. Ó sọ èlùbọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìgbádùn o, Mísítà," ó sì gba ọ̀nà Ìjù padà. Láti ọjọ́ náà, Àlàní tó fi ń pe ọmọ rẹ̀ láti kékeré kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè rẹ̀, á ní Mísítà wà ní Ọ̀tà, àlàáfíà ni wọ́n wà. Àwọn èèyàn rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Mísítà Dèyí náà rò bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé ìyá òun ti ń lajú. Àbí ẹ ò rí wèrè èèyàn.

Nígbà tí ọyẹ́ wọlé, ìròyìn kàn pé Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, ń bọ̀ wá wo àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ agbègbè wa. Ìròyìn mìíràn tẹ̀ lé e pé àyè kan ṣí sílẹ̀ lórí àga ìdájọ́ ní kóòtù, Ajẹ́lẹ̀ ló sì máa yan ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Oorun ò kun Mísítà Dèyí mọ́. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga náà, tí àwọn èèyàn ń wólẹ̀. Kò ì tíì dé àgọ́ irinṣẹ́ rí láti ìgbà tó ti di sìpẹ́tọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì a gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ igi obì.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Iṣẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò ló kù ọ̀la, gbogbo irinṣẹ́ sì ti wà nínú Arúgbó, orí ẹ̀rúkọ́ nìkan ló yọ síta. Mísítà Dèyí dúró, ó di imú rẹ̀ mú bí ẹni pé òkú ajá ló wà níbẹ̀. Ó béèrè pé ta ló da ohun ìní Ọba Ìlú Òyìnbó sínú ẹrọ̀fọ̀. Láwàlì, tó lè bí i lọ́mọ, fèsì pé Ọba Ìlú Òyìnbó kò fún àwọn ní ìṣó kan rí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló dá irinṣẹ́ jọ. Mísítà Dèyí bá gun orí àga tí Bàdírù gbé wá, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Èmi, Sìpẹ́tọ̀ gbogbo ọ̀nà, alákòóso ẹsẹ̀ tó ń rìn àti ẹsẹ̀ tó dúró, mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, n kò rí irú ìwà ẹranko báyìí rí. Ìwọ Láwàlì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Láwàlì ní òun ò tíì dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ níbẹ̀, wọ́n á máa rẹ ẹ́. Bàdírù ní ìwọ̀sí gbáà ni.

Àṣẹ wá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n da omi Arúgbó nù. Kí wọ́n da Arúgbó fúnra rẹ̀ dé sínú oòrùn, kó di pèpéle tí Sìpẹ́tọ̀ máa dúró lé lọ́jọ́ tí Ajẹ́lẹ̀ bá dé. Kí wọ́n fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ gbogbo irin títí wọ́n á fi máa kọ mọ̀nà, kí wọ́n tò wọ́n sórí ẹní nínú oòrùn, kí ọkọ́ kankan má sì fẹnu kan ilẹ̀ kí ojú Ajẹ́lẹ̀ tó rí i. Ẹ gbọ́ o: ọkọ́ tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ilẹ̀. Bí ẹni ní kí ẹyẹlé má fò ni.

Àdìzát kúnlẹ̀. Ó ro ẹjọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, ó ro ti Mùíbátù àti ohun tó ṣẹlẹ̀ léṣìí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mísítà, ẹ ṣàánú mi. Òjò ò ní dúró de Ajẹ́lẹ̀."

"Òjò tó bá mọ̀ mí á dúró," ni Mísítà Dèyí wí. Bàdírù ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Láti ọjọ́ náà, dípò iṣẹ́ ọ̀nà, ijó ológun ni wọ́n ń kọ́. Láràárọ̀ ni Mísítà Dèyí ń tò wọ́n bí ṣọ́jà, ọkùnrin, obìnrin àti arúgbó. Kí irin má baà dọ̀tí, pòròpórò àgbàdo ló ní kí wọ́n máa gbé lé èjìká. Wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ju pòròpórò sókè, wọ́n á gbé e lé èjìká. Ó ní kí Láwàlì nàró dáadáa. Láwàlì ní òun ti nàró rí, ìgbà yẹn ló yẹ kí wọ́n wá. Àwọn tó ń lọ sóko ní Joju á dúró wò wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á gbàgbé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ń bẹ́. Lórí ẹní, nínú oòrùn ọ̀sán, a ń gbọ́ bí àwọn ẹ̀rúkọ́ ṣe ń dún pà, pà. Arúgbó náà, tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ nínú omi, ń sán lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Láwàlì lọ bá Mísítà Dèyí, ó ní irin ti ń mì. Mísítà Dèyí ní irin kì í mì níbi tí àṣẹ bá wà.

Ẹ lè máa bi mí pé ṣé kò mọ̀ ni. Ó mọ̀! Bí ọmọ Ògúndèyí ò bá mọ̀ ọ́n, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Lálaalẹ́ ni nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n rẹ ọkọ́, ó ti jẹ́wọ́ pé òun mọ ọkọ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì mọ ọkọ́ ti roko rí. Ó yàn kí gbogbo irin Ọ̀tà yọ dànù ju kí ẹnikẹ́ni rántí oko bàbá rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ ní kí àwọn rẹ irinṣẹ́ náà níkọ̀kọ̀. Àdìzát ló kọ̀. Ó ní bí àwọn bá rẹ ẹ́, ọjọ́ Ajẹ́lẹ̀ á dùn, Mísítà Dèyí á dórí àga kóòtù, yóò sì ti àgọ́ àwọn pa fi ṣe ọ́fíìsì. "Ó ní ká má rẹ ẹ́," ló wí. "A ò ní rẹ ẹ́." Láwàlì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọjọ́ pé. Ọ̀tà jáde, Ìjù jáde, àwọn kan tilẹ̀ ti Adó-Odò wá. Ajẹ́lẹ̀ dé pẹ̀lú ògbufọ̀ àti ọlọ́pàá kan, ó dé akoto funfun, ojú rẹ̀ ti pọ́n nínú oòrùn. Mísítà Dèyí wọ ẹ̀wù òyìnbó dúdú nínú ooru yẹn, ó gun ẹ̀yìn Arúgbó, Bàdírù na agboòrùn sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó kí Ajẹ́lẹ̀, ó kí ìyàwó Ajẹ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó kí òkun tó gbé e wá. Ó ní kí òun tó dé, àwọn ará Ọ̀tà kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn, òun ló kọ́ wọn. Ó sọ̀rọ̀ títí òjìji igi obì fi kúrò lórí Ajẹ́lẹ̀ tó sì bọ́ sórí ẹlòmíràn. Nígbà tó sinmi, Ajẹ́lẹ̀ kọjú sí ògbufọ̀. Ògbufọ̀ ní, ó kí yín káàbọ̀ ni.

Mísítà Dèyí wá gbé ọwọ́ sókè, ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé irinṣẹ́ lé èjìká bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ atọ́nàṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, gbì. Wọ́n ju irinṣẹ́ sókè.

Ẹ̀rúkọ́ padà wá sọ́wọ́ wọn. Irin kò padà wá. Irin ń fò lójú ọ̀run, ó ń kọ mọ̀nà, ẹ̀rí pé wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ dáadáa. Gbogbo èèyàn sá. Ọ̀kan la agboòrùn Bàdírù sí méjì. Ọ̀kan wọnú ìkòkò omi mímu. Ọ̀kan sì gba orí Ajẹ́lẹ̀ kọjá, ó gbé akoto funfun náà lọ, ó kàn án mọ́ igi obì. Ọlọ́run ló yọ wá, kò kan ẹnikẹ́ni lára. Láwàlì nìkan ló ṣì dúró gbọnin, ó gbé igi lásán lé èjìká, ó sì nàró dáadáa.

Ibi tí ọlọ́gbọ́n ti máa dákẹ́ nìyí. Mísítà Dèyí kígbe pé òun fúnra òun ló máa ṣí iṣẹ́ ọ̀nà. Ó já díígà kan gbà, ó gbé e sókè, irin díígà rọra yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó jábọ́ sílẹ̀. Kò mọ̀. Ó fi igi gbá ilẹ̀, ó ní, "Mo ti ṣí ọ̀nà," ó sì tẹ bàtà rẹ̀ mọ́ Arúgbó lẹ́yìn kó lè dún.

Ó dún. Arúgbó là, ó sì gbé e mì dé ìbàdí.

Wọ́n fà á sókè, ó ké. Wọ́n gbìyànjú láti gbé ọkọ̀ náà kúrò lára rẹ̀, ó ké ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu igi tó là náà kọjú sísàlẹ̀ bíi ti ìgèrè ẹja, ó ṣeé wọ̀, kò ṣeé jáde. Àáké nìkan ló lè yọ ọ́. Àáké dà? Igi àáké wà lọ́wọ́ ọ̀tọ̀, irin wà nínú igbó ọ̀tọ̀. Wọ́n wá irin rí, wọ́n fi í sẹ́nu igi, ó ń mì. Ajẹ́lẹ̀ béèrè pé kí ni ṣíṣe. Láwàlì ní àfi kí wọ́n rẹ ẹ́. Ó ní àwọn lè há igi wẹ́wẹ́ sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ò ní ju irú àáké bẹ́ẹ̀ súnmọ́ itan ọmọ ènìyàn. Ajẹ́lẹ̀ ní yóò ti pẹ́ tó. Láwàlì wo oòrùn, ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n lọ yá ìkòkò lọ́wọ́ aláró, wọ́n pọn omi láti odò, wọ́n kó àáké sínú rẹ̀. Gbogbo ìlú wá jókòó, wọ́n ń retí kí igi wú. Mísítà Dèyí dúró nínú Arúgbó bí ère, oòrùn ń pa á.

Ajẹ́lẹ̀, tó ń fi ìka kan ihò ara akoto rẹ̀, béèrè ẹni tó ní kí wọ́n má rẹ irinṣẹ́. Mísítà Dèyí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fèsì. Ó na ìka sí Àdìzát àti Láwàlì.

"Àwọn aláìmọ̀kan yìí ni," ló wí. "Wọ́n fẹ́ pa Ajẹ́lẹ̀ ni. Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ rírẹ ọkọ́, n ò fọwọ́ kan ọkọ́ rí láyé mi. Ẹ tì wọ́n mọ́lé, kí ẹ sì ti àgọ́ wọn pa."

Ẹ̀rín dá. Ọlọ́pàá ti ń wo Láwàlì. Ẹ̀rù ba Àdìzát. Bí wọ́n bá ti àgọ́ pa, kò sí irinṣẹ́, kò sí iṣẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò sì ń bọ̀. Mùíbátù, tó ti Ìjù wá wòran, di ikùn rẹ̀ mú.

Nígbà náà ni Morónfólú jáde láàárín àwọn ará Ìjù. Ó kúnlẹ̀ níwájú Arúgbó, ó kí Mísítà kú ìnira. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, ìbéèrè díẹ̀ lòun ní fún àwọn ará Ìjù. Ó yíjú sí wọn.

"Ọkọ mi Ògúndèyí tiro títí ó fi kú. Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?"

Wọ́n ní irin ọkọ́ ló yọ gé e lójúgun nígbà ọyẹ́.

"Ta ló yẹ kó rẹ ọkọ́ náà, tó gbàgbé?"

"Àlàní ni," ni gbogbo Ìjù dáhùn.

"Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ta ló ń sunkún, tó ń rẹ ọkọ́ bàbá rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí kì í jẹun kó tó ṣe é, títí ó fi lọ sí Èkó?"

"Àlàní ni."

Morónfólú yíjú padà sí ọmọ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Mísítà," ló wí. "Mo ṣe bí ẹ mọ Àlàní yẹn ni. Ó jọ yín."

Mísítà Dèyí ò lè wo ojú rẹ̀. Ògbufọ̀ tó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ àárọ̀ di ẹyọ kan, ó túmọ̀ èyí láìfi ọ̀kan sílẹ̀, ó tilẹ̀ fi títiro bàbá náà hàn.

Ajẹ́lẹ̀ gba fìlà sìpẹ́tọ̀ lórí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má rò pé nítorí Mùíbátù ni, kì í sì í ṣe nítorí ọ̀nà. Nítorí akoto rẹ̀ ni. Ìjọba nìyẹn. Bí Ajẹ́lẹ̀ ti ń lọ, Bàdírù pa agboòrùn tó ya náà dé, ó rìn lọ dúró lẹ́yìn ògbufọ̀, a sì gbọ́ tó ń sọ fún un pé ìtúmọ̀ rẹ̀ dùn bí oyin, sà.

Ní ìrọ̀lẹ́, igi wú. Láwàlì yọ àáké, ó mì í, kò mira. Ó dúró ti Mísítà Dèyí. "Ẹ má mira o," ló wí. "Mo ti gbẹ́ ère pọ̀ láyé mi, èyí nìkan ló ń mí." Ó sì gbẹ́ ẹ yọ, ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹgbẹ́ ti wà létí odò. Wọ́n gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní àtẹ̀gùn, wọ́n fi ìtì ọ̀pẹ há a, wọ́n kó òkúta sí i lẹ́sẹ̀. Láwàlì lẹ pákó mọ́ ihò Arúgbó, ó fi oje igi dí i. Iṣẹ́ ti wọra nígbà tí ọkùnrin kan yọ sí wọn láìní bàtà, torí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́ bó ṣe ń bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Láwàlì, ó ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́. Àwọn kan fẹ́ lé e. Àdìzát wò ó títí. Inú ṣì ń bí i, kò sì fi pamọ́. Ó ní Arúgbó ń fẹ́ omi, odò sì nìyẹn. Láti ìgbà náà, òun ló ń pọn omi, òun ló ń rẹ irinṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, òun ló ń yọ wọ́n láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń kọjá lọ́jọ́ ọjà, á kí wọn kú iṣẹ́, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ náà o, Mísítà," á sì máa lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan. Láàárọ̀, a rí Mùíbátù tó ń bọ̀ láti Ìjù, ó ti ń rọbí. Ó fi apá kọ́ Morónfólú lọ́rùn, wọ́n ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àdìzát dúró lókè, ó na ọwọ́ sí wọn. Omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn kò yẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tẹ orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, Àdìzát bú sẹ́kún, ó sì gbá a mọ́ra.

Ìnira tún mú Mùíbátù lábẹ́ igi obì, ó di igi mú kó lè sinmi díẹ̀. Ọkùnrin tó wà nídìí Arúgbó ti dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọkọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Morónfólú gba ọkọ́ náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa irin rẹ̀, ó fà á gan-an, irin náà kò mira. Ó wo ẹrẹ̀ tó bo ọmọ náà dé ìgbọ̀nwọ́, ó dá ọkọ́ padà fún un.

"Àlàní," ló wí, "ṣé o ti jẹun?"

Ẹni tó kí òkun kí ọ̀sà, tó sọ̀rọ̀ títí òjìji fi yí, orí nìkan ló ń mì. Kò tíì jẹun. Morónfólú ní èlùbọ́ wà nílé, kó máa bọ̀ lálẹ́, ó sì yára padà sọ́dọ̀ Mùíbátù, torí ọmọ tó ń bọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.